Èlé Oṣù Méjìlá

Tí ẹ bá béèrè Abíọ́nà aláró ní Kémta nígbà ayé rẹ̀, nǹkan méjì ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín. Èkíní ni pé kì í jẹ gbèsè. Èkejì ni pé ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, aró sì ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ débi pé kò sí ọṣẹ tó ràn án. Tó bá fẹ́ gba oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló máa ń ká ìka kò kí àlùfáà má baà rí i, bí ẹni pé àlùfáà kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Beatrice ni ìyá ń jẹ́, orúkọ ìsàmì ni, kò sì sí ẹni tó mọ ọnà yà tó o lágbo ilé wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń yà á. Á ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á fi ya ẹja, á fi ya alángbá àti ẹyẹ sórí aṣọ funfun, Abíọ́nà á sì gba aṣọ náà, á rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní í gba aró, ibẹ̀ ni ọnà yóò ti yọ. Ìyá ń yà, ọmọ ń rẹ. Ohun tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí ọkọ Abíọ́nà, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, ti kú sójú ọ̀nà, tí Ẹ̀bùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ti bá ọkọ lọ sí Kàdúná.

Ojú kan ni Beatrice fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìgbóná ti ba ti òsì jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ káàánú rẹ̀, á ní ojú kan tó ríran sàn ju méjì tó ń wo owó olówó lọ, ẹni náà á sì wá ibòmíràn gbé àánú rẹ̀ lọ.

Abíọ́nà fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìtokú. Ẹ̀bá títì ló ti ń tajà, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, àwọn alágbàtà sì ń gba àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó tó wù wọ́n. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kó owó ṣọ́ọ̀bù yìí jọ, kò jẹ ẹran, kò ra bàtà. Nígbà tí èésú kàn án ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, tó dà á pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú àpótí, ó di irínwó náírà ó lé àádọ́ta. Àfikún díẹ̀ ló kù kí owó tó pé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa èésú yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti jáde. Ogún obìnrin aláró ni wọ́n, Sìlífátù sì ni olórí wọn, obìnrin tó ga, tó ní ìkà díẹ̀ nínú òdodo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá owó, wọ́n á sì kó o fún ẹnì kan títí á fi kárí. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tó bá fẹ́ yọ owó rẹ̀ kó tó kàn án ti pàdánù rẹ̀. Owó náà di ti ẹgbẹ́, wọ́n á fi ra láfún pín. Kódà ìbéèrè lásán, ìtìjú ni. Lydia, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Abíọ́nà, béèrè tirẹ̀ lọ́dún kan nígbà tí àìsàn dá ọmọ rẹ̀ dúbúlẹ̀. Kò rí owó gbà, kò sì sí ẹgbẹ́ èésú kan ní Kémta tó tún jẹ́ kó wọlé mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Abíọ́nà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982 yẹn ni báńkì kan ṣí ẹ̀ka sí Òkè-Ìléwó. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, wọ́n gba Kémta kọjá, wọ́n ń ké pé ẹni tó bá jẹ́ oníbàárà tuntun yóò gba èlé tí àwọn yòókù kò rí gbà. Kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kọ̀ọ̀kan lọ́dún ni ti gbogbo ayé. Ti ẹni tuntun, kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni, fún ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Abíọ́nà fi ìka ṣírò rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò aró. Ogójì náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀! Iye tó kù kí ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ń jẹ́ Herbert, ó so táì, ó sì mọ èèyàn kí.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ ti ní ìwé lọ́dọ̀ wa rí?”

“Rárá o.”

“Lábẹ́ orúkọ mìíràn ńkọ́?”

“Ọmọ mi, ṣé olè lo rò pé mo jẹ́ ni?”

Herbert rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Màmá. Òfin ni. Ẹni tó bá ti bá wa ṣe rí kì í ṣe ẹni tuntun mọ́. Ìkejì, owó náà kò gbọdọ̀ dín ní igba náírà. Èyí tí ẹ kó wá yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹta, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí oṣù méjìlá á fi pé.” Ó fi bírò tọ́ka sí ìlà tó tẹ̀ lé e lórí ìwé, ó lanu láti kà á.

Ṣùgbọ́n Abíọ́nà ti na ọwọ́ gba bírò. “Ó ti yé mi, ọmọ mi. Ogún ọdún ni mo ti ń dá èésú. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.”

Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń pòṣé. Herbert yí ìwé sí i, Abíọ́nà kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì lọ. Ìlà kan péré ni wọn kò kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní í ka ìlà yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Oṣù méje kọjá ní wọ́ọ́rọ́. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, Abíọ́nà ń rẹ aṣọ kan sínú aró nígbà tó rí i pé ẹja kan lórí aṣọ kò ní ìrù. Ó wo òmíràn, ìrù ti ibẹ̀ lọ bá ẹja mìíràn. Ó rò pé ìyá òun ń ṣeré ni. Nígbà tó wọlé, ó bá Beatrice tó fi ìborùn di orí le dandan, ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n bí ata.

“Ó ti tó ọjọ́ mélòó, Ìyá mi?”

“Kò tíì pẹ́. Tí mo bá wo àtùpà, ńṣe ni òṣùmàrè ń yí i ká. Ó tilẹ̀ dára wò.”

Ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta ní kí wọ́n tètè máa lọ bá dókítà ojú kan ní Ìbàdàn. Dókítà náà tan iná sí ojú Beatrice, ó sì pe Abíọ́nà sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní omi inú ojú náà ti pọ̀ jù, ó sì ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran pa. Iṣẹ́ abẹ ni. Kó má ju oṣù kan lọ, nítorí èyí tó bá ti kú nínú iṣan yẹn kì í jí mọ́. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé ogún ni, wọ́n á sì san án tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, Abíọ́nà ń fi ìka ṣírò owó títí wọ́n fi dé Kémta.

Ó ní àádọ́ta náírà nílé. Ó ta gbogbo àdìrẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìtàkutà, ó rí ọgọ́ta. Ẹ̀bùn fi ogún ránṣẹ́ láti Kàdúná. Ó di àádóje. Ó gbé ìtìjú tà, ó lọ bá Sìlífátù.

“Ìyá Ṣéhù, ẹ gbà mí. Ojú ìyá mi ni.”

Sìlífátù gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀. “Èésú ti kàn ọ́ lọ́dún yìí, Ìyá Ẹ̀bùn. Mo fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe é fún ọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún Lydia? Owó tó wà ní báńkì ńkọ́?”

“Kò tíì pé oṣù méjìlá. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ó ti lọ nìyẹn.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Bí èésú wa náà ni.”

Sìlífátù mi orí. Obìnrin tó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó já èésú kò rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀. Ó mú náírà márùn-ún jáde láti inú tirẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á ṣàánú.

Beatrice ló dá ẹjọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ kan lórí ojú.

“Oṣù mélòó ló kù?”

“Mẹ́rin.”

“Mo lè dúró fún oṣù mẹ́rin.”

“Dókítà ní ẹyọ kan, Ìyá mi.”

“Dókítà kò mọ̀ mí. Gbọ́ mi, Abíọ́nà. Ọdún mẹ́fà ni o kò jẹ ẹran. Tí a bá yọ ọ́, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, a ò ní í rí owó, a ò ní í rí ojú. Tí a bá dúró, a ó rí owó, a ó sì fi wo ojú. Èwo ni ọgbọ́n níbẹ̀? Má fọwọ́ kàn án.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ohun tó ń dunni nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rò ó ló rí ni, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ìbá dá a yàtọ̀.

Síbẹ̀, ọkàn Abíọ́nà kò balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dìde, ó rin ìrìn láti Kémta dé Òkè-Ìléwó, ó wọ báńkì. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà: *ọmọ mi, ìyá mi ń ṣàìsàn, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè fún mi ní ìdajì?* Nígbà tí Herbert gbójú sókè tó rí i, inú rẹ̀ dùn.

“Áà, Màmá aláró! Ẹ káàsán. Ṣé kò sí o?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó rántí Lydia. Ó rántí bí òun fúnra òun ṣe dúró lẹ́bàá kànga tí òun ń sọ fún àwọn obìnrin pé ọwọ́ Lydia kò dúró. Ó wo àwọn tó wà lórí ìlà, ó mọ méjì nínú wọn.

“Kò sí, ọmọ mi. Mo ní kí n wò ó bóyá owó mi wà ní àlàáfíà.”

“Àlàáfíà ló wà, Màmá. Ó sì ń bímọ. Ẹ fara dà á, oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ló kù.”

Ó dúpẹ́. Ó jáde síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn báńkì títí mẹ́gádì fi ní kó dìde.

Ẹ má bú Herbert. Ojú rere ló fi bá a sọ̀rọ̀. Èèyàn kì í dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í. Tí ẹ bá fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, ẹ bú ìtìjú, òun náà kò sì ní etí tó fi máa gbọ́ yín.

Wọ́n ra oògùn tí à ń kán sójú ní kẹ́míìsì, owó tó kó jọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí orí Beatrice á dákẹ́, á ní, “Ṣé mo sọ fún ọ!” Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé èébì ló ń bì, tí á fi orí ti ògiri. Kò jáwọ́ nínú ọnà yíyà. Ó ń fi ìka wá etí aṣọ, á sì fa ìlà láti ibẹ̀. Tó bá ti sùn, Abíọ́nà á fọ ẹ̀kọ náà kúrò, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un yà, á rẹ ẹ́, kò sì sọ fún un rárá. Ọnà tirẹ̀ kò dára. Àwọn oníbàárà ń béèrè pé kí ló ṣe ẹja wọn.

Nínú oṣù kìíní ọdún 1983, Beatrice pè é láti inú yàrá pé kó wá tan àtùpà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀sán gangan ni. Abíọ́nà dúró lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń ta á lẹ́yìn. Ó wọlé, ó ṣá ìṣáná, ó tan àtùpà náà.

“Ó ti tàn, Ìyá mi.”

“Gbé e súnmọ́ mi díẹ̀,” ni Beatrice wí.

Ọjọ́ tí oṣù méjìlá pé, wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn báńkì tí Abíọ́nà fi wà níbẹ̀. Ó fẹ́ gba owó náà, kó gba Ìbàdàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà lè rí nǹkan ṣe. Ọlọ́run kì í pẹ́. Herbert ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, irínwó náírà àti àádọ́ta, ó sì ka ogójì náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lé e lórí.

“Ẹ kú oríire, Màmá. Ẹ ní ìfaradà gan-an. Ọ̀pọ̀ kò lè ṣe é. Obìnrin kan wá lóṣù tó kọjá, oṣù mẹ́fà péré ni tirẹ̀ pé tó ní òun fẹ́ yọ ọ́.”

Ọwọ́ Abíọ́nà tó ń di owó dúró. “Kí lẹ ṣe fún un?”

“A fún un.”

“Ẹ fún un ní kí ni?”

“Owó rẹ̀, Màmá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Owó rẹ̀ kọ́ ni? Èlé tàwọn ẹni tuntun nìkan ni kò lẹ́tọ̀ọ́ sí mọ́. Èlé kọ́bọ̀ márùn-ún ti gbogbo ayé la san fún un.”

Abíọ́nà fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. “Ká ní èmi náà wá yọ ọ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ. Èló ni ǹ bá pàdánù?”

Ó jọ eré lójú Herbert. Ó fa ìwé kan jáde, ó ṣírò rẹ̀ wéré wéré. “Ẹ̀ bá gba náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èlé dípò ogójì àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ló máa lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ ṣe dáadáa?”

Owó àdìrẹ méjì ni. Àdìrẹ méjì tí òjò lè pa lẹ́bàá títì lọ́jọ́ kan, tí Abíọ́nà á sì ní ó ti lọ. Abíọ́nà ní kó tún un sọ, Herbert sì tún un sọ, ó sì ti ń wò ó báyìí bí ẹni tó ń fura pé nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. Ó ní, “Màmá, ṣé kò sí?” Abíọ́nà ní kò sí. Ó di owó náà mọ́ ìdí ìró, ó sì jáde.

Wọ́n lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tan iná sí ojú náà, ó tún tan án. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n máa mú Màmá lọ sílé, orí kò ní í fọ́ ọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí ojú náà ti kú tán. Ó béèrè lọ́wọ́ Abíọ́nà ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló dá wọn dúró tó báyìí. Abíọ́nà ní owó ni.

Kò gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìtokú. Ó ní láti wà nílé, kó máa mú ìyá rẹ̀ lọ síta, kó máa fi omi kún ife rẹ̀. Owó náà wà nínú àpótí, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ èésú wá kí wọn. Sìlífátù wá. Lydia náà wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń káàánú, títí ara Beatrice kò fi gbà á mọ́. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn Abíọ́nà ti wá kẹ́yìn.

“Abíọ́nà, o kò tíì sọ fún mi. Èló ni báńkì fi lé e?”

“Ogójì náírà, Ìyá mi. Ogójì àti àádọ́ta kọ́bọ̀.”

“Ẹ gbọ́ bí?” Ẹ̀rín bo ojú ìyá àgbà náà. Ó na ọwọ́ sí àwọn àlejò náà níbi tó rò pé wọ́n wà. “Ogójì náírà! Ẹ̀yin ń sunkún lé mi lórí. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́ sọ nù nítorí ojú ogbó. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo gba owó ọmọ mi là fún un.” Ó ń fi ọwọ́ wá Abíọ́nà nínú afẹ́fẹ́. “Abí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Abíọ́nà súnmọ́ ọn, ó fi ọwọ́ aláró rẹ̀ sínú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi,” ló wí. “Ẹ ṣé.”